Bàrà Nínú Yìnyín

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń bu oúnjẹ fọ́mọ ọlọ́mọ
ní Tòlídò, níbi tí odò ti ń dì bí ọ̀rá ojú ọbẹ̀ àná.
Mísì Odẹ́sà ni wọ́n ń pè mí.
Mo mọ ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà,
mo mọ ẹni tí ń fi búrẹ́dì pamọ́ sápò fún àbúrò rẹ̀ nílé.
Wọ́n ń jẹ písà tó le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà,
ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ta ló ni písà.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Èrèlé,
oṣù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwa aláwọ̀ dúdú,
Ọ̀gbẹ́ni Fógẹ́lì gbé bébà wọlé:
adìyẹ díndín, wáfù, bàrà olómi.
Mo ní, "Bàrà? Nínú yìnyín yìí?"
Ó ní, "Ẹ ṣáà bù ú."
Mo fi ìka kàn án; ó dákẹ́.
Mo gé e. Inú rẹ̀ ràn bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Bàbá mi kì í gé bàrà láìkọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.
Ní Jọ́jíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì oníyanrìn pupa,
yóò kàn án, kò-kò-kò, yóò tẹ́tí,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé àna.
Owó bàrà ló ra bàtà ẹsẹ̀ mi àkọ́kọ́.
Owó bàrà ló ra éékà ilẹ̀ mẹ́jọ
tí ẹnikẹ́ni ò lè lé wa kúrò lórí ẹ̀.
Ìyẹn ló dun àwọn kan.
Wọ́n mú gègé, wọ́n ya ẹnu wa fẹ̀ ju ilẹ̀kùn àká lọ,
wọ́n ya bàrà sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára káàdì,
wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn pẹ̀lú ẹ̀rín.
Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti rí káàdì náà ní ṣọ́ọ̀bù,
ẹ̀yìnkùlé ló ti ń jẹ bàrà.
Ó ń kẹ̀yìn sí títì,
ó ń gbé kóró mì kí ilẹ̀ má baà jẹ́rìí.

Kázímà, ọmọ ará Pólàǹdì, tí ò ní ibi kankan nínú,
na abọ́ rẹ̀ sí mi:
"Mísì Odẹ́sà, ṣé ohun tẹ́ ẹ máa ń jẹ nílé nìyí?"
Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kí ni kí n wí?
Ọkà ọ́ọ̀tì ni mo jẹ láàárọ̀, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
Náómì Kọ́bù ló tẹ̀ lé e.
Ó wo abọ́. Ó wo ọwọ́ mi tó di ṣíbí mú.
Ó mú wàrà nìkan, ó lọ jókòó.
Ojú yẹn, mo ti rí i rí,
ní ẹ̀yìnkùlé, ní Jọ́jíà.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tà àforíjì dé.
Wọ́n ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ a máa gbàgbé;
ẹni tó kó o ńkọ́?
Fógẹ́lì ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti kà á.
Mo fọwọ́ sí i. Mo ní owó ilé san.
Ṣùgbọ́n mo bi í: "Ta lẹ bi, kẹ́ ẹ tó pinnu ohun tí à ń jẹ?"
Ó wo bàtà rẹ̀.

Oṣù Agẹmọ la wà báyìí.
Mo ra bàrà kan lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.
Mo kàn án. Ó dáhùn.
Mo gbé àga síwájú ilé, mo kọjú sí títì,
omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi.
Ẹni tó fẹ́ wò, kó wò.
Mo ń tu kóró sórí koríko,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ariwo.
Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ilé kẹrin sí mi ni Náómì ń gbé;
mo ti ránṣẹ́ sí i.
N ò mọ̀ bóyá yóò wá.