Ajúwe-ilé ní Pàkátà

Ogún ọdún ó lé mẹ́ta ni mo ti ń lẹ táyà ní Pàkátà.
Àlejò kì í mọ agboolé; èmi ni wọ́n ń bi.
Mo na ọwọ́ dúdú, ọwọ́ ọ́ìlì:
yà sọ́tùn-ún lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí,
tó o bá ti rí ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, o ti dé.
N kì í bi ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, rédíò ní ìjọba ń bọ̀ wá bá àwọn ajúwe-ilé
tí ń bẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì:
ẹni tó bá bèèrè ilé olè tí ń pín fíìmù onífíìmù,
kí wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.
Àwọn oní-VPN náà,
ihò abẹ́ ilẹ̀ téèyàn ń gbà bí wọ́n bá ti ẹnu ọ̀nà,
káwọn náà fi òkúta dí i.

Mo gbé ọ̀pá táyà sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà, n ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nítorí Ráfátù, ọmọ ìyá mi,
ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Gánmọ̀, ó fi ṣe fíìmù.
Oṣù méjì ni wọ́n fi yà á ní Èsìẹ́;
òjò ba jẹnẹrétọ̀ jẹ́, òṣèré kan bínú padà sí Ọ̀fà,
góòlù ọrùn rẹ̀ ló fi bọ́ àwọn tó kù.
Ọjọ́ kẹta tó jáde,
Múyídínì abẹ́ afárá Pósọ́fíìsì ti ń rọ ọ́ sínú mẹ́mọ́rì káàdì,
ọgọ́rùn-ún náírà, pẹ̀lú fíìmù mọ́kànlá mìíràn ní èènì.
Wọ́n ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọnù,
ibi tí orúkọ Ráfátù wà.

Ó wá jókòó sórí táyà tírélà níwájú mi. Kò sunkún.
"Bùrọ̀dá mi, ta ló júwe ilé mi fún wọn?"

N ò lè sọ fún un pé èmi náà wò ó.
Lórí fóònù yìí. Lọ́wọ́ Múyídínì.
Mo rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀rín, mo nu ojú níbi ẹkún,
inú mi dùn pé ọmọ ìyá mi mọ iṣẹ́.
Ọgọ́rùn-ún náírà.

Kí wọ́n dí i, ó dáa.
Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ fún àlejò,
ọmọ tó ń ta piọ wọ́tà á júwe fún un.
Ẹni tó sì lè ní kí n gbàgbé ilé olè lónìí
lè ní lọ́la kí n gbàgbé ilé ẹni tí wọ́n jọ ń jà.
N ò mọ̀. Táyà ni mo mọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọkùnrin kan dá ọ̀kadà dúró.
"Bàbá, níbo ni wọ́n ti ń rọ fíìmù tuntun?"
Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó mọ̀.
Mo dá a dúró lójú afẹ́fẹ́, mo yí i sósì:
"Lọ sílé Ráfátù, lẹ́yìn kànga. Òun ló ni ín."
Ó ní, "Èló ló ń tà á?"
Mo sọ fún un.
Ó ta ọ̀kadà rẹ̀ nípàá,
ó yà sọ́tùn-ún.