Kálàmù Pupa

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka ẹrù ní rélùwéè Òṣogbo:
àpò kòkó, àpò sìmẹ́ǹtì, adìẹ nínú agbọ̀n.
Ìwé ni mo mọ̀. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde,
ohun tí wọ́n ní ó ti dé tí ẹnikẹ́ni ò rí.
Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin báǹkì l'Ókè-Fìà
sọ fún mi pé bọ́ǹdì yìí ò ní jẹ́ kí owó mi rù,
pé wọ́n so ó mọ́ ọ̀wọ́ngógó bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn,
pé bí ọjà bá gbéra, òun náà á gbéra,
mo ní ó dáa. Mo fọwọ́ sí i.
Mo yà lọ́dọ̀ Sùbúọlá oníwèé, mo ra kálàmù méjì
àti ìwé onígun kéékèèké tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣe ìṣirò.

Búlúù fún bọ́ǹdì.
Pupa fún ọjà.

Gbogbo ọjọ́ karùn-ún oṣù, mo máa ń gba Ìgbọ̀nà kọjá.
N kì í ra nǹkan. Mo kàn ń bèèrè.
Kóńgò ìrẹsì, èló? Gàrí ńkọ́? Kẹrosíìnì jálá kan?
Rábíátù elépo ti mọ̀ mí: "Bàbá Oníbèéèrè ti dé o!"
Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo délé, mo fi àmì pupa kan sí i.

Lọ́dún kìn-ín-ní, ìlà méjèèjì ń lọ bí irin rélùwéè,
ọgbọọgba, ọ̀kan ò ju èkejì.
Mo yangàn. Mo pe Kúdí aya mi kó wá wò ó.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà,
ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan ìwé.
Ó ní, "Àwọn wo ni méjì yìí tí wọn ò bára wọn jà?"

Lọ́dún kejì, ìrẹsì fò.
Epo bẹntiróòlù fò, ó fa gbogbo nǹkan lọ́wọ́ dání.
Bọ́ǹdì mi náà dìde, n ò ní purọ́ mọ́ ọn,
àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni.
Mo mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Kánò ni:
ó máa ń dé.
Iṣu inú rẹ̀ ni kì í dúró dè é.

Mo padà sí báǹkì. Ọmọ náà ní, "Bàbá, agbọ̀n kan wà l'Ábújá
tí wọ́n fi ń wọn ọ̀wọ́ngógó."
Mo ní, kí ló wà nínú ẹ̀?
Ó kà á lórí fóònù: oúnjẹ, aṣọ, owó ilé, owó ọkọ̀,
ọtí, sìgá.
Mo ní èmi ò fa sìgá rí.
Mo ní, ṣé oògùn ojú Kúdí wà nínú agbọ̀n yẹn,
ìgò kékeré tí kò tó àtàǹpàkò mi,
tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta níjọ́sí, tó ti di mọ́kànlá?
Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó wà ńbẹ̀, Bàbá. Ó kàn kéré ni."

Ó kéré.

Mo délé, mo hun agbọ̀n tèmi.
Mo yọ ọtí, mo yọ sìgá, mo gbé ìgò oògùn sí i,
owó ọ̀kadà dé ọsibítù ìjọba,
àti búrẹ́dì tí iye rẹ̀ ò yí padà,
tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń joro.
Ìlà pupa já sókè lójú mi bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò.

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, Kúdí ní kí n kà á fún òun.
Ojú rẹ̀ ò rí ju ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lọ mọ́.
Mo ní, "Kò burú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.
Bọ́ǹdì gan-an ló fi díẹ̀ ṣíwájú."
Kò fèsì. Ó na ọwọ́, ó fi ìka ìfábẹ̀lá wá ojú ìwé,
ó bá ìlà kan pàdé, ó ń tẹ̀lé e,
ó ń gòkè, ó ń gòkè,
títí ìka rẹ̀ fi kúrò lójú ìwé bọ́ sórí tábìlì.
Ó ní, "Súárá,
èyí lo fi agbára kọ."