Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún

Ọdún tí wọ́n ti ihò èédú pa ní Glace Bay,
bàbá mi gbé àga sí ojú fèrèsé, ó jókòó.
Kò bínú. Kò mutí. Òkun ló ń wò,
àfi bí ẹni pé òkun jẹ ẹ́ lówó.
Èmi ọmọ ọdún méje, Effie àbúrò mi ọmọ mẹ́rin,
a ti mọ̀ pé a kì í béèrè nǹkan níwájú àga yẹn.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá
ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tirẹ̀ lọ.
Kí ìyá mi tó ṣí i,
ipa bàtà nìkan ló kù nínú yìnyín,
àti páálí kan tí wọ́n fi okùn bàtà dì.
Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà, kí ojú ará àdúgbò má baà tó o.
Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyẹn náà wà lára ẹ̀bùn.

Béárì kan, wọ́n ti fi òwú súwẹ́tà rán etí rẹ̀.
Lọ́rì onírin, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí,
ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí geere: ẹnìkan ti kán epo sí i.
Àti àwòrán àtòpọ̀, ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ sánmà,
ọgọ́rùn-ún ègé, bí ara páálí rẹ̀ ti wí.

Effie gba béárì. Òórùn ilé onílé ló wà lára rẹ̀,
òórùn ọṣẹ tí a kì í rà.
Ó gbá a mọ́ra sùn títí ó fi gba òórùn tiwa.

Alẹ́ kìíní, a to etí àwòrán.
Alẹ́ kejì, òpó ọkọ̀ dìde.
Alẹ́ kẹta, a gbọ́ tí àga ké lẹ́bàá fèrèsé.
"Ẹ má fi yẹn síbẹ̀," ni bàbá mi wí, "ìdákọ̀ró ni."
Láti ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ègé tó kẹ́yìn wà lókè sánmà. Kò dán bí ìyókù.
Bàbá yí i padà: páálí ótì.
Ẹnìkan ló gé e, ló fi pẹ́ńsù búlúù kùn ún,
ó tilẹ̀ fi etí ìkúùkù funfun sílẹ̀ níbi tó yẹ.
"Ẹnìkan jókòó," ni bàbá mi wí, "ó kà á dé òpin."
Ó tún un sọ.
Lẹ́yìn náà ó lọ wá bàtà rẹ̀.

Wọ́n ní ọwọ́ afúnni ní í lékè.
N kò mọ̀. Lórí tábìlì wa lálẹ́ ọjọ́ náà
n kò rí ọwọ́ kankan tó ga ju òmíràn lọ.

Ogójì ọdún. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, iná mànàmáná ń ṣẹ́jú.
Murdena, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé kan,
ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ojú ọmọláńgidi.
"Ẹni tó bá kó pàǹtí wá, kó gbé e padà.
Ọmọ aláìní kì í ṣe ààtàn."
Mo bi í nípa ọkọ̀ ojú omi, nípa sánmà.
Kò gbójú sókè.
"Èwo nínú wọn? Mo ti gé púpọ̀ jù.
Àwòrán ẹṣin wà níwájú rẹ. Kà á."

Mo kà á. Mo tún un kà.
Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún:
nọ́ńbà tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe èyí tó sọnù.
Ihò kékeré kan wà ní ìhà ẹṣin náà.

"Murdena, níbo lẹ ń kó páálí ótì sí?"