Ẹ̀yà Kẹtàdínlógún

Páálí àlòkù ni Drahomíra rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan
nídìí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ostrava.
Òtútù ń mú, ọkùnrin náà ò fẹ́ dúró pẹ́.
Ó délé, ó tú u sórí tábìlì.
Ìwé inú rẹ̀ ní ẹ̀yà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, méjìlélógójì ló bá.
Ẹ̀kẹtàdínlógún ló sá lọ:
ẹnu èéfín ẹ̀yìn ọkọ̀ kan
tí ń kó yìnyín láti òṣùpá dé òṣùpá
ní ọ̀rúndún tí a ò tíì bí baba ẹni tí yóò wà á.

Gbogbo ọkọ̀ náà kò gùn ju ìka àárín lọ.
Awakọ̀ rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì,
ó ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí epo fún.

Radim ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ̀rọ wà níbi iṣẹ́ wa
tó lè tẹ irú ẹ̀ jáde kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."
Kò dá a lóhùn. Ó ń wọn nǹkan.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lobìnrin yìí fi wa kireni
nílé ìyọ́rin, lókè lọ́hùn-ún, nínú àgọ́ gíláàsì,
tó ń gbé irin yíyọ́ kọjá lórí ọmọ ọlọ́mọ
bí a ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó
kọjá lórí ọmọ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà.
Kò ta sẹ́nikẹ́ni lára rí.
Ọwọ́ yẹn náà ló di ẹmú tín-ń-tín mú báyìí,
tó ń fi abẹ gé ìdérí yógọ́ọ̀tì,
tó ń gé ìdí báírò ní òrùka òrùka,
ọ̀kan wọnú èkejì, bí igbá tí wọ́n tò fún ìyàwó.

Ó na ike lórí iná àbẹ́là,
ó fà á, ó fà á, kò mí,
títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ìpéǹpéjú lọ.
Ọ̀pá tí awakọ̀ yóò fi máa gbọ́ ohùn ilé nìyẹn.
Ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́jọ yí ẹnu èéfín ká.
Méje ì bá tó. Àwòrán ní mẹ́jọ.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀dà ku díẹ̀ kó gbẹ,
ẹmú yọ̀.
Pín!
Kò sẹ́ni tó gbọ́ ibi tó bọ́ sí.
Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin
kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa kápẹ́ẹ̀tì lára.
Wọ́n ní ilẹ̀ ń jẹ̀nìyàn;
wọn ò sọ fún wa pé kápẹ́ẹ̀tì náà léyín.
Ó rí bọ́tìnnì. Ó rí eyín ológbò.
Ó rí ọwọ́ ọ̀tún ọmọ ogun tó ti ń wá láti ọdún méje.
Ẹ̀kẹtàdínlógún, rárá.

Ó ṣẹ́ èpè kan tí wọ́n máa ń ṣẹ́ nílé ìyọ́rin,
ó gbé omi tíì kaná,
ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.
Èyí gba ìrọ̀lẹ́ kan péré. Ọwọ́ ti mọ ojú ọ̀nà.

Kó tó pa ara ọkọ̀ dé, ó tún padà wọ inú rẹ̀:
àkàsọ̀ onípele mẹ́fà, ìgò omi kan,
àtùpà tó fi orí abẹ́rẹ́ kùn ní pupa.
Lẹ́yìn àga awakọ̀ ó kọ 4 síbẹ̀, nọ́ńbà kireni rẹ̀.
Radim ní, "Tẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tán, ta ni yóò rí gbogbo èyí?"
"Ẹni tó ń wà á ńkọ́?"
Ó kán gọ́ọ̀mù sí i, ó fi ìka méjì fún un pọ̀,
ó ka oókan títí dé ọgọ́ta.

Oṣù kẹrin, yìnyín ti yọ́ lórí òrùlé,
Radim bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀.
Ó yọ ọ́, ó gbé e sójú fèrèsé.
Òrùka nínú òrùka. Ó ka ihò: mẹ́jọ.
Ó tún un kà.
Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nílé ìdáná, kò rí i.
Ó fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó di bọ́tìnnì ẹ̀,
ó jókòó, ó ní òun yóò mu tíì.