Ìbéèrè Kẹtàdínlógójì

Ìgbà kẹta rèé tí mo kan ilẹ̀kùn yìí, l'Ókè-Báálẹ̀, l'Óṣogbo.
Nígbà àkọ́kọ́, bébà àti gègé ni;
lónìí, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.
Ìyá Rìsìkátù, agbálẹ̀ wọ́ọ̀dù l'Ásúbíarò,
ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kò gbójú sókè:
"Ìwọ tún ni. Ewú ti dé orí ẹ."

Ṣé ẹ fọkàn tán aládùúgbò yín?
Ó wo ògiri tuntun tó fi àfọ́kù ìgò dé fìlà,
tó dínà oòrùn àárọ̀ mọ́ ọn.
"Kọ ọ́ pé à ń kí ara wa."
Kò sáyè fún ìyẹn. Mo tẹ "díẹ̀".

Ìbéèrè kẹtàdínlógójì: àkàsọ̀ onípele mẹ́wàá,
tálákà nísàlẹ̀, ọlọ́lá lókè téńté.
Ibo lẹ wà?
"Ìkarùn-ún,"
bó ti wí lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀.
Lọ́fíìsì, wọn á ní nǹkan ò yí padà.

"N ò sọ̀ kalẹ̀ o.
Ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbé àkàsọ̀ lé ló ń rì.
Ìwọ náà ńkọ́?"

Mo bojú wo bàtà mi.
Ẹ̀rọ kú.