Òkun Kò Sí ní Ifẹ̀

Abíọ́nà, ṣé o rántí kàlẹ́ńdà ilé yín,
èyí tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tí màmá yín kò jẹ́ ká já?
Òkun dúdú bí aró lókèèrè,
ó wá mọ́ bí omi òjò létí iyanrìn.
Ọkùnrin kan dé fìlà tó fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ,
ó ń ta ẹja yíyan, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa
láti oṣù kẹta títí dọ́dún kẹta.
Mẹ́síkò, ni wọ́n kọ sísàlẹ̀.
O ní, "Ibẹ̀ la ó lọ, èmi tìrẹ, báàgì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn."

Owó ìwé ìrìnnà nìkan, ó ju owó oṣù àwa méjèèjì.
Ká má tíì dárúkọ físà.
O dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan.
Lọ́jọ́ kan ṣá, o kanlẹ̀kùn mi kí ilẹ̀ tó mọ́:
"Ẹni tí kò rówó òkun, kó lọ kí Olókun nílé.
Ifẹ̀ ló ń gbé. Dìde."

Báàgì ìwé àbúrò rẹ lo gbé kọ́,
sípì rẹ̀ ti já, okùn pupa la fi dì í lẹ́nu.
Tèmi wúwo: búrẹ́dì, ẹ̀pà, omi inú ọ̀rá,
àti súẹ́tà tí ìyá mi fi dandan lé
bí ẹni pé yìnyín ń bọ́ ní Ifẹ̀.
Ní gáréèjì Iléṣà, awakọ̀ wò wá lókè wò wá nílẹ̀:
"Ṣé ẹ kó kúrò nílé ni?"
O ní, "Rárá o, àlejò ni wá."

Ní Lágéré a ṣe bí àjòjì.
À ń yàwòrán òpó iná, à ń yàwòrán ewúrẹ́,
à ń bèèrè ọ̀nà tí a mọ̀.
Ọlọ́kadà kan gbé wa, owó ló kù tí a ń jà sí.
Bó ṣe gbọ́ ìpè Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu wa, ó bú sẹ́rìn-ín,
ó gbé ọ̀kadà tì, ó lóṣòó sójú títì:
"Ọmọ Òṣómàáló! Òṣó ni èmi náà máa ló lónìí,
títí ẹ ó fi sanwó mi."
A san án. A tún fún un lẹ́pà.

Alẹ́ lẹ́. Èéfín súyà ń bọ̀ láti Sábó,
àwọn ọmọ yunifásítì kún ojú títì, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀.
O dijú. O ní, "Gbọ́, ìgbì nìyẹn."
Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ ni."
O ní kí n ṣáà dijú.
Mo dijú, Abíọ́nà.
N kò jẹ́wọ́ ohun tí mo gbọ́ fún ọ rí.

Òjò rọ̀ mọ́jú.
Láàárọ̀ a bi bàbá kan tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni Olókun wà?"
Kò gbójú sókè.
"Òkun? Láti àná lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Níbi tí àgbàrá ti ha ilẹ̀ lo ti rí i,
èérún sègi, kò tó hóró ẹ̀wà,
àwọ̀ kàlẹ́ńdà yín gan-an.
O fi itọ́ nù ún, o gbé e sétí
bí àwọn ọmọdé ti ń gbé ìkarahun.
"Kí ló wí?"
O kò dáhùn.
O fi ìka lu ihò sínú ẹrẹ̀,
o dá a padà, o tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gbin àgbàdo,
o sì bèèrè bóyá búrẹ́dì ṣì kù.

Ní àná, fóònù mi dún lóru.
Àwòrán: ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì nínú fòóòfò funfun,
létí òkun kan tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀.
O kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé:
"Ó tóbi. Ó ń pariwo.
Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lóṣòó dè mí níbí."