Ohun Tí Obìnrin Náà Wí

Ara ògiri ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ta aṣọ funfun náà mọ́,
ní Ṣábẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti gbàgbé wa.
Ewúrẹ́ ń jẹ koríko láàárín irin méjèèjì.
Àwa ọmọdé jókòó lórí irin náà,
ó ṣì mú ooru ọ̀sán dání lábẹ́ ìdí wa.

Èdè Faransé ni sinimá náà ń sọ.
Ṣàbí, àbúrò bàbá mi, ló ń túmọ̀ rẹ̀,
ó sì ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Opó kan ni, ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá odò,
ahọ́n rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu.
Ẹlẹ́wọ̀n kan sá tọ̀ ọ́ wá lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.
Kò bi í ní nǹkan kan. Ó ju àjẹ̀ sí i lọ́wọ́,
ó ní, "Wà á."
Wọ́n jà nítorí iyọ̀, wọ́n jà nítorí ẹja,
wọ́n jà nítorí ta ló jẹ́ kí iná kú.
Orúkọ ọkùnrin náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.
"Ìwọ yìí" ló ń pè é. "Ìwọ yìí, òjò ń bọ̀."

Nígbà tí ọlọ́pàá dé tí wọ́n fẹ́ mú obìnrin náà dípò,
ẹlẹ́wọ̀n jáde láti inú eèsún,
ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba omi bọ́jú.
Wọ́n ń mú un lọ. Kò wẹ̀yìn.
Opó náà dúró létí odò,
ó la ẹnu,

epo tán.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́,
òkùnkùn sì bo ìlú láti orí òkè dé ilé iṣẹ́ ṣúgà.

"Ẹ dá owó wa padà!"
Oní-sinimá ti ń ká aṣọ rẹ̀.
Nínú ariwo yẹn ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú.
Yéro ni, Fúlàní tí màlúù rẹ̀ jẹ iṣu Bíáù lẹ́ẹ̀rùn,
tí Bíáù tìtorí rẹ̀ fi àdá búra.
Ẹ̀gbẹ́ Bíáù gan-an ló sì jókòó sí.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni."
Bíáù mọ ohùn náà. Ó pẹ́ kó tó fèsì.
Ó ní, "Kí lo rò pé obìnrin yẹn fẹ́ wí?"

Yéro ní orúkọ rẹ̀ ló pè, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.
Bíáù ní irọ́ ni, èébú ni,
ẹni tó lè jà nítorí iyọ̀ kì í yí padà lẹ́sẹ̀ kan.
Wọ́n bá a dé oríta, wọn ò parí ẹ̀.
Ní ìdájí, Yéro gbé wàrà dé oko Bíáù.
Kì í ṣe pé ó wá tọrọ àforíjì:
ọ̀rọ̀ kan ló sọ sí i lọ́kàn lóru.

Ọdún mọ́kànlá.
Nígbà tí ojú Bíáù fọ́, Yéro ló ń wo òkè fún un:
"Ìkùukùu wà lórí rẹ̀ lónìí."

Kùtọnu ni mo ti rí sinimá náà lódindi, lórí fóònù.
Opó náà la ẹnu. Ó ní, "Fìlà rẹ."
Ọkùnrin náà ti gbàgbé rẹ̀ sórí èèkàn. Kò gbọ́.
Obìnrin náà dé e fúnra rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó wà á lọ.
Mo sunkún títí onílé fi kan ilẹ̀kùn.

Mo délé, mo bá wọn lábẹ́ igi kajú.
Bíáù ní orúkọ ni, Yéro ní èébú ni:
wọ́n ti pààrọ̀ ẹjọ́, wọn ò mọ̀.
Fìlà koríko Yéro wà lórí Bíáù,
ó tóbi jù fún un, ó bò ó létí.
"Ìwọ ará Kùtọnu, o ò tíì rí i níbì kan?"
Mo ní n ò tíì rí i.
Bíáù ní, "Ó dáa. Jókòó. Gbọ́ èyí."